Ẹ̀rọ ń Kọ́ Yorùbá, Tíṣà ń Pa Á Tì

Ìjọba kan náà ni ó ṣe ohun méjì láàárín oṣù méjì, bẹ́ẹ̀ ni ohun méjèèjì kọ ẹ̀yìn sí ara wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, lásìkò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń ṣe ìpàdé ní Nìú Yọ́ọ̀kì, ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tí ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀ gbé ọgbọ́n àtọwọ́dá kan jáde, irú èyí tí òyìnbó ń pè ní AI. N-ATLAS ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Awarri ni ó bá ìjọba ṣe é, ó sì gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Ígbò, àti Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Nàìjíríà ṣe ń pè é. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde ní Àbújá pé ìjọba ti wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa lò, láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì.

Ìdí tí mínísítà náà sọ ni pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù. Ó yani lẹ́nu díẹ̀. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, wọn kò sì kẹ̀rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Àwọn alátìlẹ́yìn AI yóò tọ́ka sí ìlú Bìní, níbi tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ti fi í kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ọdún 2024, nínú ètò tí Báǹkì Àgbáyé ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Lóòótọ́ ni ìmọ̀ wọn gòkè. Ṣùgbọ́n tíṣà wà pẹ̀lú wọn nínú kíláàsì tí ó ń tọ́ wọn sọ́nà, èyí ni ọ̀pọ̀ kì í mẹ́nu bà.

Níbo ni ẹ̀rọ ti ń rí Yorùbá tí ó ń sọ? Nínú ìwé tí ènìyàn kọ ni, àti nínú ohùn tí ènìyàn fọ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ní àmì, kò sì sí bí ẹ̀rọ ṣe lè fi ojú lásán mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ bí kò bá sí ẹni tí ó mọ èdè tí ó fi àmì sí i. Ta ni yóò kọ ìwé tí ẹ̀rọ yóò kà ní ogún ọdún sí i, nígbà tí ọmọ ìsinsìnyí kò bá kọ́ bí a ti ń kọ ọ́? Àwọn tí wọ́n sì ti kọ ọ́, kí ni èrè wọn? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kejì ọdún 2025, àwọn olórin tí ó lé ní 1,000 gbé àwo kan jáde tí kò sí orin kankan nínú rẹ̀, láti fi tako ìpinnu ìjọba wọn tí yóò jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ AI lo iṣẹ́ olórin láìtọrọ àṣẹ. Ó yẹ kí àwọn òǹkọ̀wé, akéwì àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ilé wa béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Àbújá.

Fún Yorùbá tí ń gbé ní Kánò, Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì, ìlànà 2022 kò tilẹ̀ kàn wọ́n tààrà, nítorí èdè agbègbè ni ó ní kí wọ́n lò. Àǹfààní tiwọn ni ìwé àti tíṣà tí ìlànà náà ìbá mú pọ̀ sí i nílé. Ní báyìí, ó ṣeé ṣe kí òbí tí ọwọ́ rẹ̀ dí gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́. Fóònù lè dá ọmọ lóhùn ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń pe bàbá àgbà rẹ̀ ní “ìwọ”, fóònù kò ní ojú tí yóò fi wò ó kí ó tó mọ̀ pé òun ti ṣìwà hù. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí sì ń ṣe ìpàdé oṣooṣù. Bí wọ́n bá yọ wákàtí kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọdé àti ìwé ABD, kò sí mínísítà tí wọn yóò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.