Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Dúdú Kò Yá Bù Ṣán

Àwọn àgbà ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kò yá bù ṣán, ọmọ burúkú kò yá lù pa." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí kò tíì tó jẹ kò gba ìwàǹwára, ẹni tó sì ṣìnà, ìtọ́sọ́nà ló yẹ ẹ́. Apá méjèèjì òwe yìí bá ọ̀rọ̀ èso títà ní Sábọ̀n Gàrí, ní ìlú Kánò, mu, nítorí pé ilẹ̀ olójò gúúsù ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń ṣe dáadáa, ọ̀nà Èkó sí Kánò sì tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, tó fi jẹ́ pé ní dúdú ni wọ́n ń gé e, kó má baà rà sínú ọkọ̀.

Bí èso bá gbó, òun fúnra rẹ̀ a máa tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ́tílìnì, èyí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Richard Gane fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1934. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń mú kí sítáàṣì inú èso di ṣúgà, tí pẹ́kítìn, ohun tó so ara èso pọ̀ tó fi le, sì ń tú díẹ̀díẹ̀, ni èso fi ń dùn tó sì ń rọ̀.

Ìwàǹwára ló mú kábáìdì wọ ọ̀rọ̀ yìí, tí àwọn ọlọ́jà kan fi ń mú èso pọ́n kíákíá. Òkúta eléérú tí àwọn ajórin ń lò ni. Bí ọ̀rinrin bá kàn án, a tú gáàsì asẹ́tílìnì jáde, tó ń ṣe bí ẹ́tílìnì ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ kò tó o. Ó sì sábà máa ń ní ásẹ́níìkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú, tí wọ́n lè ṣe ara ní jàǹbá, ìdí nìyí tí àjọ NAFDAC fi ń kìlọ̀ léraléra. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi kábáìdì mú pọ́n a máa pọ́n lára nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù, inú rẹ̀ a le, kò sì ní ta sánsán: dúdú ni, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló yí padà.

Síbẹ̀, bí a bá kàn gba ẹrù ọlọ́jà dànù láìfi ọ̀nà mìíràn hàn án, lílù pa nìyẹn. Ọ̀nà ọ̀hún wà: kí a bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ inú àpò pẹ̀lú èyí tó ti pọ́n, tàbí kí àwọn ọlọ́jà pawọ́ pọ̀ kọ́ yàrá tí wọ́n ti ń tú ìwọ̀nba ẹ́tílìnì sí èso. Kí oníbàárà náà máa wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó tó sanwó, nítorí bí a kò bá ra èyí tí a fi ipá mú pọ́n, kò sẹ́ni tí yóò tún fi ipá mú un pọ́n.