Iná Pupa inú Mọ́tò Ìjàpá

Ẹ̀yin abiyamọ, bí mọ́tò Ìjàpá bá ṣì wà nílé yín, irú èyí tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó lọ́dún 1975, ẹ wo gílóòbù pupa ti jẹnẹrétọ̀ nínú dáṣíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó kó ọmọ láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ó tàn. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣiṣẹ́, kí ó kú. Bí ó bá tún tàn lójú ọ̀nà, ẹ dúró kíákíá. Bẹ́líìtì kan náà ni ó ń yí jẹnẹrétọ̀ àti fáànù tí ń tu ẹ́ńjìnì lára. Bí ó bá já, ẹ́ńjìnì yóò jóná. Gílóòbù tí ó ti kú kò lè kìlọ̀. Kí rẹwáyà yọ wáyà orí bátìrì ná, kí ó tó fi gílóòbù fóòtì 12 sí i. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.