Àyè Iṣẹ́ Yunifásítì Kì í Ṣe Ogún Ilé Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin ará Ìkòsì, ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta ata àti tòmátì ní Máìlì 12, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ yunifásítì, ọ̀rọ̀ alákọ̀wé ni. Ó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ rántí ọdún 2016. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Tuta absoluta ya wọ oko tòmátì lókè Ọya. Ní oṣù karùn-ún, ìjọba Kàdúná kéde ipò pàjáwìrì lórí tòmátì. Kí a tó ṣẹ́jú, apẹ̀rẹ̀ tòmátì di góòlù ní Máìlì 12. Ta ni yóò mọ ìdí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, tí yóò sì wá oògùn rẹ̀? Kì í ṣe ariwo òṣèlú, tiwa pàápàá. Ẹni tó fi ọdún mẹ́ta, mẹ́rin jókòó ti ìwádìí kan ṣoṣo ni, títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Mélòó la ní? Ní 2012, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ yẹ àwọn yunifásítì ìjọba wò, wọ́n rí i pé nínú olùkọ́ 100, nǹkan bí 43 péré ló ní oyè náà. Bẹ́ẹ̀ yunifásítì ń pọ̀ sí i. Gómìnà Jakande dá ti ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1983. Ní 2022, ìpínlẹ̀ fi méjì kún un. Ọ̀kan wà ní Ìkòròdú, ọ̀nà Máìlì 12 yìí náà la ń gbà débẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A ń kọ́ ilé o. Olùkọ́ inú rẹ̀ ńkọ́?

Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣèwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ló ń gba owó oṣù. Nílé wa, òun ni yóò san owó ilé-ìwé, òun náà ni yóò ra èlò ìwádìí. Kí ló fẹ́ dá a dúró tí kò fi ní í wọ ọkọ̀ òfuurufú?

Ẹ wá wo ti iṣẹ́. Òfin yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní bí àyè Gíwá bá ṣí sílẹ̀, kí wọ́n kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tí aráyé ń kà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí a bá lè kéde ipò ọ̀gá pátápátá, èéṣe tí ipò olùkọ́ kékeré yóò fi di ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀? Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ti gbọ́ ọ rí: ìwé pélébé láti ọ̀dọ̀ ẹni ńlá, "ọmọ wa ni o". Ọmọ onítòmátì kò ní ẹni tí yóò kọ ìwé pélébé fún un.

Ohun mẹ́ta la ń bèèrè fún àwọn yunifásítì tí owó Èkó ń gbé ró. Èkíní, kí a kéde gbogbo àyè iṣẹ́, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, Kòsọ́fẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Èkejì, kí a tẹ orúkọ àwọn tí a gbà jáde. Ẹ̀kẹta, kí a máa san owó oṣù fún ẹni tó ń ṣèwádìí oyè ọ̀mọ̀wé.

Ìbò ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ bi í léèrè ohun mẹ́ta yìí. Ẹ bi àwa náà. Bí a bá wọlé tí a kò ṣe é, ẹ fi ìbò kan náà yọ wá.