Ìwé Àwòrán fún Dídá Kantíkantí Mọ̀

Kò sí ará Òkè-Ògùn tí kò mọ kantíkantí. Bí máńgòrò bá rọ̀ jù lábẹ́ igi, tàbí bí a bá fi akèrègbè ẹmu sílẹ̀ ní ṣíṣí, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé. Irú kòkòrò kékeré bẹ́ẹ̀ ni Olúwa wa mẹ́nu bà nígbà tí Ó ń bá àwọn Farisí wí. Ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣọ́ra, kí a má baà fi ojú yẹpẹrẹ wo ohun tí aráyé ti ara rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ ńlá.

Ní ọdún 1910, ní Yunifásítì Columbia ní ìlú New York, Thomas Hunt Morgan rí akọ kantíkantí kan tí ojú rẹ̀ funfun láàárín àwọn olójú pupa. Láti ara ọ̀kan ṣoṣo yìí àti àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ni ó ti fi hàn pé orí àwọn okùn tíntìntín inú sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ohun àjogúnbá ń bẹ. A sì fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá ní 1933. Bí àwọn tí ó yàtọ̀ ti ń pọ̀ sí i, ó di dandan kí a ní ìwé tí a ó fi máa dá wọn mọ̀. Edith Wallace fi ọwọ́ ya àwòrán wọn. Calvin Bridges kó àkọsílẹ̀ wọn jọ títí ó fi kú ní 1938. Katherine Brehme sì parí iṣẹ́ náà, tí a tẹ̀ jáde ní Washington ní 1944. Ní 2013 ni Sylwester Chyb àti Nicolas Gompel gbé ìwé fọ́tò jáde, tí ó fi ojúlówó kantíkantí àti àwọn tí ó yàtọ̀ hàn kedere.

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìwúlò irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìdáhùn wa ni pé àṣìmọ̀ rọrùn púpọ̀. Ara kantíkantí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde a máa funfun ráúráú, ìyẹ́ rẹ̀ a sì ká jọ bí ewé tí kò tíì là; akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní atọ́nà yóò kà á mọ́ àwọn tí a bí láìní ìyẹ́ gidi. Bẹ́ẹ̀ ni irú èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ máa ń ká sókè, bí a bá sìn ín níbi tí ó tutù, ìyẹ́ náà lè tẹ́ bí ti àwọn yòókù. Bí a bá ṣi ìwọ̀nba díẹ̀ kà, ìṣirò ìran náà dàrú, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sì di asán.

Nísinsìnyí, kantíkantí yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ilẹ̀ Áfíríkà ni orísun rẹ̀. Ní 2018 ni àwọn olùwádìí ròyìn pé àwọn rí i nínú igbó Matopos ní ilẹ̀ Zimbabwe, nídìí èso marula. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Amos Abolaji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ṣe ìwádìí lórí májèlé àti ohun tí ó lè dènà rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí a dárúkọ lókè tí ó fi èdè wa sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ wa a sì máa kọ́ orúkọ wọn sórí bí ọfọ̀, láìmọ ohun tí orúkọ náà ń júwe.

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ara kòkòrò náà ni àwọn tí ó sọ wọ́n lórúkọ wò, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ èdè tiwọn pè é. Àwa tí a ń pe ẹni kan ní àfín, tí a ń pe ọmọ oníka mẹ́fà ní Olúgbódi, àwa tí àgbẹ̀ wa ń wo ìtàkùn lásán tí ó sì mọ iṣu àmúlà yàtọ̀ sí gàm̀bàrí, ṣé àwa ni a kò ní lè sọ ọ́? Olójú-funfun, adúmáadán, aláwọ̀-ìyeyè, oníkùkùté-ìyẹ́, àti ẹlẹ́sẹ̀-lórí, èyí tí ẹsẹ̀ hù sí níbi tí ìwo rẹ̀ ìbá wà: ta ni yóò gbọ́ wọn tí kò ní mọ ohun tí yóò wá?

Àwọn kan yóò sọ pé èyí yóò yà wá nípa kúrò lára ọmọ ẹgbẹ́ ìmọ̀ káàkiri ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí àmì tí gbogbo ayé ń lò, w, vg, Cy, dúró lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Kí orúkọ tiwa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà kò sì kẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn.

Nítorí náà, a ń rọ ẹgbẹ́ yìí kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú mẹ́wàá péré. Kí àwọn olùkọ́ ọ̀dọ́ tí ọwọ́ wọn dá nínú àwòrán yíyà lọ sí yàrá ìwádìí yunifásítì, kí wọ́n ya akọ àti abo. Kí àwọn onímọ̀ yẹ ẹ́ wò. Kí àwọn àgbà Àgọ́-Àrẹ àti Ṣakí bá wa wo orúkọ rẹ̀. Kí a sì tẹ̀ ẹ́ ní owó pọ́ọ́kú. Láti ẹyin di kantíkantí kò ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé rẹ̀ gbà wá ní ìran kan. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.