Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ìrántí Onímọ̀ Iye, àti Ìbéèrè Náà: "Nínú Àwọn Ta Ni?"

Ní ọjọ́ 10 oṣù Òkúdu, ọdún 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n James Nwoye Adichie ti Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka, jáde láyé. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ sìtàtísíìkì, ìmọ̀ tí í kó iye jọ láti fi yẹ ọ̀rọ̀ wò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn yunifásítì máa ń dá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìrántí sílẹ̀ fún. Àṣà náà dára. Èrò tèmi ni pé níbikíbi tí a bá ti ń ṣe é ní ilẹ̀ Yorùbá, ó yẹ kí á máa fi Yorùbá sọ díẹ̀ nínú wọn, kí ará ìlú lè gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, níbi tí ibà Lassa ti ń yọ ènìyàn lẹ́nu, tí ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ sì jẹ́ ibùdó pàtàkì fún ìtọ́jú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ènìyàn tí kòkòrò ibà náà bá wọ̀ lára, bí 80 ni kì í le lára wọn rárá. Bí ẹyọ 1 ni í kú. Ṣùgbọ́n nínú 100 tí ó le lára wọn tí a fi dá wọn dúró sí ilé-ìwòsàn, bí 15 ni í kú.

Ẹni tí ó bá gbọ́ iye méjèèjì láìsí àlàyé lè wí pé: "Nílé, ẹnì kan, ní ilé-ìwòsàn, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. N kò lọ." Bẹ́ẹ̀ àìsàn tí ó ti le ni ó gbé àwọn wọ̀nyí débẹ̀; ẹni tí a bá sì tètè gbé lọ ni ìtọ́jú ń ràn lọ́wọ́ jù. Onítọ̀hún kì í ṣe òmùgọ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ láti béèrè pé, "Nínú àwọn ta ni?"

A ní "ìdá nínú ọgọ́rùn-ún". Àwọn tí a ń mú ìdá náà lára wọn gan-an ni ó ń fẹ́ orúkọ. Mo dábàá "agbo-òǹkà". Agbo-òǹkà kìíní ni gbogbo ẹni tí kòkòrò wọ̀ lára. Èkejì ni àwọn tí a dá dúró. Agbo yàtọ̀ sí agbo. A kò gbọdọ̀ fi ìdá wọn wéra bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n.

Àwọn kan yóò ní Yorùbá kò lè gbé irú ẹ̀kọ́ yìí. Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ti fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní ìṣirò. Kí ni yóò wá ká àgbà láyà? Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju agbo-òǹkà lọ, kí ó mú un wá.