Ilé Lè Wó, Ìtàn Kò Gbọdọ̀ Bá A Wó

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, bí a bá rí àgbàlagbà tí ń sunkún lẹ́bàá ọ̀nà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó bá a sunkún. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kẹ́dùn ní Flórídà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorípé a ti òkè àtọwọ́dá kan tí wọ́n ń pè ní Splash Mountain pa. Inú ọgbà ìgbádùn ńlá nì, Walt Disney World, ni òkè náà wà. Láti ọdún 1992 ni àwọn èrò ti ń wọ ọkọ̀ tí a ṣe bí ìtì igi gba inú rẹ̀ kọjá, títí wọn yóò fi já ṣòòrò sínú omi. Àwọn kan tilẹ̀ gbé ìgò omi sọ́jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní omi òkè náà ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ wọn; ṣùgbọ́n mo sọ pé ohun tí kò tó ẹkún ni wọ́n ń sun lé lórí, wọ́n sì fi èyí tí ó tó ẹkún sílẹ̀.

Ọgbà náà kò dúró lójú kan rí. Walt Disney tí ó pète rẹ̀ kú ní 1966, a kò sì ṣí i títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 1971. Ìlú tí ènìyàn yóò máa gbé ni ó fẹ́ kí EPCOT jẹ́. Nígbàtí a ṣí i ní 1982, ibi àfihàn ni ó jẹ́. Ní 1998 a pa eré ọkọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Toad rẹ́, bí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ fi ẹ̀hónú hàn. Ní 2025 a ti odò tí ó yí erékùṣù Tom Sawyer ká pa. Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ẹni tí ó bá ní kí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ má ṣe yí padà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣèlérí fún un ni ó ń bèèrè.

Kíni ó wá tó ẹkún? Ohun méjì ni. Èkíní ni ìlà. Ní 1971, dọ́là 3.50 ni àgbà fi ń wọlé. A sì ń ra ìwé eré lọ́tọ̀ títí di 1982. Ọlọ́rọ̀ lè ra ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà eré, ẹ̀yìn ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ ni yóò dúró sí. Ní 1999 a gbé ọ̀nà àbùjá kan kalẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo èrò. Láti 2021 ni a ti sọ ọ̀nà àbùjá di ohun títà. Owó ìwọlé fúnra rẹ̀ sì ti ju dọ́là 180 lọ ní ọjọ́ tí èrò bá pọ̀. Wọn yóò wí pé, “Ọjà ni, ẹni tí ó lówó ni yóò rà á.” Mo dáhùn pé lọ́jọ́ ọdún egúngún, ìjòyè ní àga tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tálákà náà ń rí egúngún. Ọjọ́ tí a bá ń ta ojú ìran fún ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù, ọdún ti di òwò.

Èkejì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Orí sinimá kan ti ọdún 1946, Song of the South, ni a gbé Splash Mountain kà. Sinimá náà fi àwọn ènìyàn dúdú Georgia hàn bí ẹni pé ìgbé ayé oko olówó dùn mọ́ wọn. Àní ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é kò tà á fún wíwò nínú ilé ní Amẹ́ríkà rí. Ní 2024, Tiana, ọmọbìnrin dúdú inú sinimá ọdún 2009, gba òkè náà. Mo fọwọ́ sí ìyípadà yìí tọwọ́tẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ń gbé inú òkè náà tẹ́lẹ̀? Ehoro ọlọ́gbọ́n ni. Disney kọ́ ni ó bí i. Joel Chandler Harris, akọ̀wé ìwé ìròyìn, tẹ ìtàn rẹ̀ jáde ní 1880. Ẹnu àwọn ẹrú ní Georgia ni ó sì ti gbọ́ wọn nígbà èwe rẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi ọ̀dà mọ ère, Ehoro kí i, ère kò dáhùn. Ó gbá a, ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ta ni nínú wa tí kò mọ Ìjàpá olè tí ó gbá ère alátè létí nínú oko olóko? Àwọn Akan ń sọ irú rẹ̀ nípa Ananse. Àwọn tí a kó lẹ́rú kò rí ẹrù gbé. Ìtàn ni wọ́n gbé lọ. Àwọn onílé tuntun kò sì pa á mọ́ bí ó ti yẹ: nínú òkè náà, afárá oyin ni wọ́n fi rọ́pò ère ọ̀dà. Nígbàtí ilé ìtìjú wó, ìtàn tí kò ṣẹ̀ bá a lọ.

A kò lè dá Disney nìkan lẹ́bi. Wọ́n ti kéde nígbà kan pé àwọn yóò kọ́ ilé fún Áfíríkà ní EPCOT. Wọn kò kọ́ ọ. Ta ni ń bá ẹlòmíràn tún ojúbọ baba rẹ̀ ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ní ààfin, tí ẹ ní ilé-ẹ̀kọ́, tí ẹ ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àwọn ọmọ yín ha mọ Ìjàpá bí wọ́n ti mọ eku Disney bí? Ẹ jẹ́ kí a máa pa àlọ́ lágbàálá ààfin àti ní ilé-ẹ̀kọ́, ní èdè wa. Bí ìjọba tàbí olówó kan bá sì dá ọgbà ìgbádùn sílẹ̀ láàrin wa, ẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀: ọmọ tálákà yóò ha wọlé bí? Ìlà kan náà ni gbogbo wa yóò ha tò bí? Ìtàn ta ni a óò sọ níbẹ̀? Ẹni tí ó bá sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́.