Asẹ́ Omi Alámọ̀: Níbo Ni A Ó Ti Rí Ìkòkò Mìíràn Bí Ti Àkọ́kọ́ Bá Fọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tí kò mọ́ a máa pa ọ̀rẹ́ tí ó bá mu ún. Ní ọdún 2021, àrùn onígbáméjì gba ẹ̀mí ènìyàn tí ó ju 3,600 lọ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Niger sì wà lára àwọn ibi tí àjàkálẹ̀ àrùn náà dé. Ní Minna, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, omi ẹ̀rọ tí ìjọba ń fọ̀ mọ́ ní Chanchaga kò kárí gbogbo àdúgbò. Kànga ni ọ̀pọ̀ ìdílé gbójú lé, tàbí àwọn olómi tí ń ti ọmọlanke kiri. Irú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an ni asẹ́ omi alámọ̀ lè ràn lọ́wọ́.

Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ lónìí kò gùn. Asẹ́ omi tí a kò lè rí ẹ̀yà ìpààrọ̀ rẹ̀ rà lọ́jà kì í ṣe ètò ìlera. Ẹ̀bùn ìgbà díẹ̀ lásán ni, ó sì lè di ewu fún ẹni tí ó gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ohun èlò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn amọ̀kòkò yóò po amọ̀ pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun igi tàbí èèpo ìrẹsì tí a lọ̀ kúnná. Bí wọ́n bá sun ìkòkò náà nínú ìléru, igi tàbí èèpo yẹn yóò jóná, yóò sì fi àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí sílẹ̀. Omi yóò máa gba ibẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n èérí àti ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn yóò há sẹ́yìn. Wọ́n a tún máa fi èròjà fàdákà pa á lára láti pa kòkòrò. Inú korobá oníke ni ìkòkò náà ń jókòó sí, ìdérí wà lókè, táápù wà nísàlẹ̀. Omi tí ó ń kán láti inú rẹ̀ ní wákàtí kan kì í sábà ju lítà 1 sí 3 lọ.

Nínú ẹ̀yà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, korobá, ìdérí àti táápù kò ṣòro láti pààrọ̀, nítorí pé ọjà ni a ti ń rà wọ́n. Ìkòkò ni ìṣòro. Bí a bá fi ọwọ́ lásán mọ ọ́n, tí ẹnu ti ẹnì kan sì fẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, kò ní jókòó dáadáa sínú korobá tí ó wà nílé. Ẹni tí ìkòkò rẹ̀ bá fọ́ kò lè ra òmíràn lọ́wọ́ amọ̀kòkò tí ó bá ṣáà ti rí.

Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé lẹ̀. Agbára asẹ́ yìí wà nínú kíkéré ihò rẹ̀. Bí ìkòkò bá sán níbì kan ṣoṣo, ojú ibi tí ó sán yẹn ni omi ìdọ̀tí yóò máa bá kọjá. Omi náà lè mọ́ gaara lójú, kí ìyá sì máa bù ú fún ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà, nígbà tí kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru ṣì wà nínú rẹ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ asán yìí burú ju kí ènìyàn mọ̀ pé òun kò ní asẹ́ lọ, nítorí pé ẹni tí ó mọ̀ yóò se omi rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Cambodia kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Níbẹ̀, àwọn olùwádìí tọpa ilé 506 tí wọ́n ti fún ní asẹ́ alámọ̀ láàárín ọdún 2002 sí 2006. Wọ́n rí i pé ìgbẹ́ gbuuru dín kù gidigidi nínú ilé tí ó ń lò ó. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ilé náà ń pa á tì lóṣooṣù, fífọ́ ni ó sì jẹ́ olórí ìdí. Àwọn tí ó fi owó ara wọn kún un ni ó ṣeé ṣe jù kí wọ́n ṣì máa lò ó.

Ẹnì kan tí ó mọ ojútùú ọ̀rọ̀ yìí ti wá sí orílẹ̀-èdè wa. Ron Rivera, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó fi Nicaragua ṣe ibùgbé, bá ẹgbẹ́ Potters for Peace ṣiṣẹ́ láti dá ilé-iṣẹ́ asẹ́ alámọ̀ sílẹ̀ káàkiri àgbáyé. Ó fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ àti àpẹẹrẹ oníwọ̀n kan náà rọ́pò ọwọ́ lásán, kí gbogbo ìkòkò lè dọ́gba. Ní ọdún 2008, ibà tí ó kó nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ni ó pa á. Ẹ̀kọ́ tí ó fi sílẹ̀ ni pé bí ìwọ̀n bá dọ́gba, ìpààrọ̀ yóò rọrùn.

Ìpínlẹ̀ Niger kò yẹ kí ó ṣàìní amọ̀kòkò. Ní Suleja, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abuja nígbà náà, ni Michael Cardew dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ibẹ̀ ni Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó náírà 20, darapọ̀ mọ́ ní 1954. Ohun tí ó kù ni ìwọ̀n kan náà, àyẹ̀wò àti ọjà.

Nítorí náà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi ìwọ̀n kan ṣoṣo lélẹ̀ fún ẹnu ìkòkò àti korobá. Kí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Minna bá wọn yẹ ìkòkò wò kí ó tó dé ọjà. Kí àjọ aláàánú tí ó bá fẹ́ pín asẹ́ kọ́kọ́ rí i dájú pé ọlọ́jà kan wà ní àdúgbò tí yóò máa ta ìkòkò nìkan, láìsí pé ènìyàn tún ra odidi asẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé omi ẹ̀rọ ni ojúṣe ìjọba, pé asẹ́ kì í ṣe àrọ́pò rẹ̀. Mo gbà. Asẹ́ alámọ̀ pàápàá kì í dá gbogbo fáírọ́ọ̀sì dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ lónìí kò lè dúró de páìpù ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní asẹ́ nílé, ẹ máa yẹ ìkòkò inú rẹ̀ wò. Bí omi bá ṣàdédé ń yára jò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí ó ti sán. Ẹ má ṣe mu omi rẹ̀ mọ́. Ẹ máa se omi yín títí tí ẹ ó fi rí ìkòkò mìíràn, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á tàbí tí ó fi ta yín lọ́rẹ pé: níbo ni a ó ti rí i?